Bá Mi Tẹ̀ Ẹ́

Fóònù márùn-ún ló máa ń wà nínú báàgì Mùíbátù láràárọ̀, ọ̀kan péré ni tirẹ̀. Ẹ má rò pé olè ni o! Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń lọ, lójú ọ̀nà Ìyànà Ìyẹsí, ti pa ìwé orúkọ tì. Inú áàpù ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó wá sí kíláàsì. Bí fóònù rẹ bá ti wà nínú ọgbà, tí o sì tẹ "Mo wà níbí", ó ti parí nìyẹn. Áàpù ò bá ẹnikẹ́ni wo ojú. Làwọn ọmọ bá ta ọgbọ́n: ẹnì kan á kó fóònù gbogbo wọn lọ, àwọn tó kù á máa sùn. "Bá mi tẹ̀ ẹ́" ni wọ́n ń pè é. Mùíbátù ló ń bá àwọn ará yàrá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, torí òun nìkan ni kì í pẹ́ jí.

Lọ́jọ́ Ajé, Kàfáyá, tí àwọn méjèèjì jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, fi fóònù ńlá rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ilé ìwé ti pàṣẹ pé ẹni tí kò bá ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kò ní ṣèdánwò, Kàfáyá ò sì ní. Bọ̀ọ̀dá kan tó máa ń pè é lórí fóònù kékeré rẹ̀ ti bá a wá iṣẹ́ oòjọ́ sí ilé iṣẹ́ kan ní Sàngó.

"Bá mi tẹ̀ ẹ́ o," ló wí. "Màá ti dé kílẹ̀ tó ṣú."

Ilẹ̀ ṣú, Kàfáyá ò dé. Mùíbátù pe fóònù kékeré náà títí, kò wọlé.

Ta ló máa rí irú èyí tí kò ní figbe ta? Mùíbátù ò figbe ta. Ó ní bóyá wọ́n ní kó tún wá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó bá a tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́rú, ó tún tẹ̀ ẹ́. Àyà rẹ̀ ń já, ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́. Ó lóun ń ṣoore, kí ọ̀rẹ́ òun má baà pàdánù ìdánwò. Oore náà ni igún ṣe tó fi pá lórí.

Lọ́jọ́bọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Amos, tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà ilé ìwé, ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì. Bàbá Kàfáyá ló bá níbẹ̀, Jìbírílù, télọ̀ láti Ìjòkò. Fìlà bàbá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó jọ pé kò rántí bọ́ ọ kó tó jáde nílé.

"Ọmọ mi kì í ṣe báyìí, sà," ló ń wí. "Ojoojúmọ́ ló máa ń pè mí. Láti ọjọ́ Ajé, mi ò gbóhùn rẹ̀."

Amos yí kọ̀ǹpútà sí i. "Bàbá, ẹ wò ó fúnra yín. Kàfáyá Jìbírílù: Ajé, ó wà. Ìṣẹ́gun, ó wà. Ọjọ́rú, ó wà. Àárọ̀ yìí náà, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méjì, ó wà! Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, bí wọn ò bá fẹ́ wàhálà òbí, wọ́n á pa fóònù ni." Ó yíjú sí Mùíbátù. "Ìwọ, ṣé ẹ jọ wà ní kíláàsì láàárọ̀?"

Ẹ wo ọ̀ràn! Bó bá sòótọ́, wọ́n á lé e, làálàá ìyá rẹ̀ á di òfo. Bó bá parọ́, kò sẹ́ni tó máa wá Kàfáyá lọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló dáhùn.

"Alihamudulilai!" Bàbá náà dé fìlà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Amos, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Mùíbátù, ó tiẹ̀ tún ṣàdúrà fún un: "Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jọ gboyè jáde."

Àdúrà yẹn ni kò jẹ́ kí Mùíbátù lè dúró. Ó sáré tẹ̀ lé bàbá náà dé ìdíkọ̀, ó bá a níbi tó ti fẹ́ gbẹ́sẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì. Níwájú gbogbo èrò, ó kúnlẹ̀.

"Dádì, irọ́ ni mo pa. Kàfáyá ò sí ní kíláàsì. Èmi ni mò ń bá a tẹ̀ ẹ́." Ó fa fóònù ńlá náà yọ. "Bọ̀ọ̀dá kan ló bá a wá iṣẹ́, ló bá lọ, kò tíì dé."

Jìbírílù ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Láti ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ Ajé, sà."

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti lọ bá ọlọ́pàá," ló wí. "Wọ́n ti ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó pe ilé ìwé yín. Ilé ìwé ní ó wà ní kíláàsì. Wọ́n fa ìwé náà ya, wọ́n ní kí n lọ máa ránṣọ mi. Mo sì lọ ń ránṣọ, Mùíbátù."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà..."

"Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mò ń wá. Níbo ló lọ?"

"Ilé iṣẹ́ kan ni, ní Sàngó."

"Sàngó ibo? Ilé iṣẹ́ wo, nínú gbogbo ilé iṣẹ́ tó wà níbẹ̀? Kí lorúkọ bọ̀ọ̀dá yẹn?"

Kọ̀ńdọ́ ń pariwo pé kí wọ́n wọlé, bọ́ọ̀sì ti fẹ́ẹ́ kún. Mùíbátù ò bi í. Ohun kan ṣoṣo tó bi Kàfáyá lọ́jọ́ Ajé yẹn ni pé ṣé dátà wà lórí fóònù náà.