Ààyè Kan Tó Kù

"Verna, ó ti kan ilé ẹ̀kọ́ tìrẹ. Jọ̀wọ́, bọ́ síta fún wa."

Alága ìgbìmọ̀ náà, Clifton Beasley, kò gbójú sókè nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìbínú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, òfin ni. Bí wọ́n bá ti dárúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹnikẹ́ni nínú wọn, olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nínú yàrá títí wọ́n á fi jíròrò tán. Verna Haldorsen gbé ife kọfí rẹ̀, ó mú kóòtù rẹ̀ lẹ́yìn àga, ó sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń ṣèpàdé ní ìlú Madison, níbi tí obìnrin kan ti ń gbálẹ̀.

Àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú ni àwọn méje náà ti wọ yàrá yẹn. Iṣẹ́ wọn ni láti yan àwọn ẹgbẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń ṣeré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí yóò máa báré lọ nígbà tí eré ọdún ti parí fún àwọn yòókù, àwọn tí yóò du ife-ẹ̀yẹ. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe ipò kìíní ní agbègbè rẹ̀ kò ní wàhálà kankan. Ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Ààyè díẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n máa ń jiyàn lé lórí: ta ni ẹgbẹ́ yìí bá ṣeré, ta ni wọ́n lù, ta ló lù wọ́n, báwo ni ẹni tó lù wọ́n náà ṣe le tó. Nígbà tí oòrùn fi yọ dáadáa, ààyè kan ṣoṣo ló kù, ẹgbẹ́ méjì ló sì ń du ú.

Tamarack ni ọ̀kan, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ìlú Wexley, níbi tí Verna ti jẹ́ ọ̀gá pátápátá fún eré ìdárayá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lu Tamarack lọ́dún náà. Èkejì ni Sauk Bend, láti Illinois. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lu àwọn yẹn, ṣùgbọ́n àwọn tó lù wọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè fojú di.

Verna jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó gbà pé àwọn ọmọ òun á wọlé. Ó ń ro bí inú Royce Dubinski yóò ṣe dùn tó. Royce ni olùkọ́ni ẹgbẹ́ náà. Àti ìgbà tí irun orí àwọn méjèèjì ṣì pọ̀ ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ ní Tamarack, Royce kò sì tíì kó ẹgbẹ́ kankan dé ibi ìdíje yìí rí. Ó ro Tobias Renner náà, ọmọ ọdún kẹrin tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn. Bí eré Tobias bá ti parí lọ́dún yìí, ó parí nìyẹn. Oko màlúù bàbá rẹ̀ ló ń dúró dè é.

Ilẹ̀kùn ṣí. Gretchen Pohl, ọ̀kan nínú wọn, yọrí síta, ó ní kó wọlé, pé ìbéèrè kan wà tí wọ́n fẹ́ bi í.

Verna wọlé, kò jókòó. Beasley ṣàlàyé fún un pé ìbò àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pín dọ́gba. Ó ní òfin kò gbà kí àwọn bi í ní ohunkóhun nípa Tamarack, òun kò sì ní bi í. Ṣùgbọ́n Verna ni ìgbìmọ̀ rán lọ wo eré tí Sauk Bend bá Merrivale ṣe nínú oṣù Kẹwàá. Merrivale ni ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ yàn láàárọ̀ yẹn, tí kò sẹ́ni tó jiyàn sí i. Ayò kan ṣoṣo ni Merrivale fi borí Sauk Bend.

"Gretchen gbọ́ pé Merrivale fún àwọn géńdé wọn nísinmi lọ́jọ́ náà," Beasley wí. "Ó ní àwọn tó máa ń jókòó sẹ́yìn ni wọ́n kó wọlé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ayò kan yẹn kò já mọ́ nǹkan. A wo fídíò rẹ̀, yìnyín bo gbogbo rẹ̀, a ò rí nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ ẹnikẹ́ni. Ìwọ wà létí pápá. Àwọn wo ló ṣeré?"

Verna mọ ohun tí ìdáhùn òun yóò dà. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó wo ojú rẹ̀. Bó bá ní òun kò lè sọ, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Yìnyín náà pọ̀ lóòótọ́. Ó rántí bó ṣe ń nu ojú rẹ̀ léraléra. Gbólóhùn kékeré kan báyìí, Tamarack ti wọlé. Ohun tó yà á lẹ́nu nígbà tó yá ni pé òun kò bá ara òun jà rárá.

"Àwọn géńdé wọn gan-an ni," ó wí. "Kò sí ẹni tó sinmi. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo dúró sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì mọ ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó yẹ kó dáàbò bo ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Merrivale, Sauk Bend ń tì wọ́n sẹ́yìn bí ẹni ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Èyí tó sanra jù nínú wọn bì sílẹ̀ níwájú mi, ó nu ẹnu, ó tún padà wọlé. Ká ní eré yẹn gùn díẹ̀ sí i ni, Sauk Bend ni ì bá borí."

"Ó dá ọ lójú?" Gretchen bi í.

"Ó dá mi lójú."

Beasley dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó tún padà síta. Kọfí rẹ̀ ti tutù. Ó mu ún bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè é wọlé. Orúkọ Sauk Bend ló wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá lára ìwé àwọn tó wọlé, èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Beasley dúró tì í bí àwọn yòókù ti ń kó ìwé wọn, ó sì rọra sọ fún un pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ló ṣe é. Ó ní àwọn tí Tamarack ń lù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àwọn tí gbogbo èèyàn ń lù náà ni. Àwọn ọmọ náà dára, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà bí wọ́n ti dára tó. Ó wá rán an létí pé kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó kéde rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn. Verna ní òun mọ̀.

Ó wa ọkọ̀ padà sí Wexley láìtan rédíò. Àwọn oko àgbàdo ti funfun fún yìnyín lọ́tùn-ún lósì.

Ilé oúnjẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ti kún fún àwọn tó wá wo ìkéde náà nígbà tó dé. Àwọn ọmọ wọ aṣọ eré wọn, aláwọ̀ ewé, àwọn òbí wọn wá láti abúlé, wọ́n sì ti se ọbẹ̀ ẹ̀wà pupa tó ta, èyí tí wọ́n fi ẹran lílọ̀ àti wàràkàṣì sí. Royce rí i láti òkèèrè. Ó wo ojú rẹ̀ díẹ̀, ó mú ojú kúrò. Ó mọ̀ pé kò yẹ kí òun béèrè.

"O ti jẹun?" ni gbogbo ohun tó sọ.

Verna ní rárá. Royce bu oúnjẹ wá fún un fúnra rẹ̀, ó bu wàràkàṣì lé e lórí dáadáa, ó sì bá a wá ṣíbí. Ìgbà yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára lọ́jọ́ náà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ lórí tẹlifíṣàn, ẹgbẹ́ kan sí ẹgbẹ́ kejì. Ariwo wà níbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ń fi orúkọ ẹgbẹ́ tí wọn kò fẹ́ràn ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ààyè ti ń dín kù ni ariwo náà ń dín kù. Orúkọ tó gbẹ̀yìn jáde, Sauk Bend ni. Ìyá ọmọ kan ti dìde tẹ́lẹ̀ láti pàtẹ́wọ́. Ó rọra jókòó padà.

Tobias Renner ló dìde pa tẹlifíṣàn. Ó ní kí wọ́n jẹ oúnjẹ wọn tán, pé àwọn tó sè é kò ṣẹ̀ wọ́n. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, òmíràn ń sunkún. Tobias wá rìn lọ sí ibi tí Verna jókòó sí.

"Mà, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ṣé wọ́n sàn jù wá lọ ni?"

Verna gbé ṣíbí sílẹ̀. "Mo lọ wò wọ́n fúnra mi. Lọ́jọ́ tí mo wò wọ́n, wọ́n sàn jù yín lọ."

Ọmọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó tún wo Verna.

"Ó dáa," ó wí. "Ká ní ẹ sọ pé àwa la sàn jù ni, ǹ bá máa rò ó títí ayé mi." Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí àgbàlagbà, ó sì lọ bá ìyá rẹ̀.

Royce wà lẹ́yìn wọn, àwo òfìfo kún ọwọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé àwọn àwo náà kalẹ̀, ó sì tẹ̀ lé Verna lọ sí ọ́fíìsì.

"Ìwọ lo lọ wo Sauk Bend," ó wí bí ó ti wọlé.

"Èmi ni."

"Wọ́n sì bi ọ́."

Verna sọ fún un. Kò sọ ohun tí ẹlòmíràn sọ nínú yàrá náà; tirẹ̀ nìkan ló sọ, kò yọ ọ̀kan kúrò, kò fi kan kún un. Royce gbọ́ ọ lórí ìdúró.

"O ò bá kàn sọ pé o ò ríran dáadáa," ó wí. "Nínú yìnyín yẹn. Ta ló máa bá ọ jà? Àwọn ọmọ yẹn ń jí dìde láfẹ̀mọ́júmọ́ fún mi láti oṣù Kẹjọ."

"Mo ríran dáadáa, Royce."

Royce jókòó, ó sì yí ojú sí fèrèsé. Ó ní òun kò lè gbà pé ẹgbẹ́ tí wọ́n lù lẹ́ẹ̀mejì yẹ ju ẹgbẹ́ tí wọ́n lù lẹ́ẹ̀kan.

"Ta ni a lù?" Verna bi í. "Dárúkọ ọ̀kan tó le nínú wọn."

Royce na ìka kan, ó sì tún ká a padà.

"Èmi ni mo ń bá wa wá ẹni tí a máa bá ṣeré," Verna ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Nígbà tí àwọn méjì tó le kúrò ní agbègbè wa, àwọn tó rọ̀ ni mo fi dí àlàfo wọn. Ìwọ náà kò kọ̀."

"N kò kọ̀," Royce gbà. "Ó wù mí kí n máa borí."

Verna fa fóònù orí tábìlì mọ́ra. Ọ̀gá eré ìdárayá Sauk Bend, Bettina Crowe, ló gbé e. Ariwo ayọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Verna kí i kú oríire. Ó wá béèrè bóyá wọ́n ní àlàfo kankan nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀.

"Lónìí náà lẹ ń béèrè?" Ìyáàfin Crowe wí. "Ẹ̀yin?"

"Lónìí náà. Lọ́dọ̀ yín la ti máa ṣe é. Lọ́dún kejì, ẹ ó wá bá wa níbí."

Verna gbọ́ bí obìnrin náà ti ń sọ fún ẹnì kan pé kí wọ́n dín ariwo kù. Lẹ́yìn náà ó ní ọ̀sẹ̀ kejì ṣófo.

"Ẹ kọ Tamarack síbẹ̀," Verna wí. Ó dúpẹ́, ó gbé fóònù kalẹ̀.

Royce ti dìde. "Wọ́n lè lù wá bí ẹni lu aṣọ òfì o," ó wí.

"Wọ́n lè lù wá."

Royce fọwọ́ ra ojú rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ ọdún kẹta ṣì wà nílé oúnjẹ, kí òun lọ bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n tó túká. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Mo ṣì ń bínú sí ọ."

"Mo mọ̀. Máa lọ."

Ó lọ. Verna tún gbé fóònù náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ńbà Merrivale fún àlàfo kejì.