Ìkòkò Òfìfo Lórí Ìlà

“Ṣé o fẹ́ rà wọ́n ni, àbí o wá ka eyín ẹnu wọn?”

Kayal gbójú kúrò lára àwọn ìkòkò ike. Ìyá Pechi ló ń bá a sọ̀rọ̀. Arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ilé rẹ̀, ó ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ya àrà òwúrọ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kò sì dáwọ́ dúró bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

“Mo kàn ń wò wọ́n ni, Ìyá.”

“Kí ni wọ́n ń ṣe tí o ń wò?”

“Wọ́n tò.”

“Wọ́n tò!” Ìyá Pechi yíjú sí ògiri bí ẹni tó fẹ́ kí ògiri jẹ́rìí. “Bàbá ẹ rán ẹ nílé ìwé títí o fi gboyè, ohun tí o wá rí kà ni pé ìkòkò tò.”

Kayal rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. Àwọn ìkòkò náà tò láti ìdí ilé òrìṣà títí dé iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, pupa, aláwọ̀ aró, aláwọ̀ ewé, gbogbo wọn lófìfo, kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn tó ni wọ́n nítòsí. Táńkà omi kò tíì dé. Àwọn obìnrin wà nílé, wọ́n ń se idli, oúnjẹ ìrẹsì òwúrọ̀, fún àwọn tó ń lọ síṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ ìlà náà, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ní í fọwọ́ kan ìkòkò ẹlòmíràn.

Ohun tó ń jẹ Kayal lọ́kàn nìyẹn. Ará ìlú Kovilpatti tí òun mọ̀, tí wọ́n bí òun sáàárín wọn, kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìlà. Ní ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ìgbúnwọ́ ni. Ní ojú wíńdò tí wọ́n ti ń gba káàdì nílé ìwòsàn, orí márùn-ún á fẹ́ wọ ihò tí kò gbà ju orí kan lọ. Nílé òrìṣà pàápàá, níwájú ẹni tí wọ́n wá bẹ̀, wọ́n á máa tira wọn. Ṣùgbọ́n bí àbúrò bàbá rẹ̀ bá ju táwẹ́ẹ̀lì ìdọ̀tí rẹ̀ gba fèrèsé bọ́ọ̀sì sórí ìjókòó kan, ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọ́kọ́ wọlé á rí táwẹ́ẹ̀lì náà, á kọjá lọ, á lọ dúró sẹ́yìn. Nítorí táwẹ́ẹ̀lì! Ènìyàn tó lẹ́nu, tó lọ́wọ́, tó gbọ́mọ pọ̀n, kò rí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà rí. Kí ló fà á?

Irú ìbéèrè báyìí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìròyìn kékeré kan tó ń gbé fídíò sórí fóònù ló gbà á, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀pà oníṣúgà. Wọ́n fún un ní ètò kékeré kan tó pe orúkọ rẹ̀ ní “Ìwà Wa”. Ó ti bèèrè níbẹ̀ rí ìdí tí ẹni tí kò mọ̀nà á fi máa júwe ọ̀nà fún àlejò tọkàntọkàn. Ó ti bèèrè ìdí tí ẹni tó ń lọ kò fi ní í sọ pé òun ń lọ, tó jẹ́ pé “mò ń lọ bọ̀” ni yóò wí. Ìyá rẹ̀ ń wò ó, àbúrò ìyá rẹ̀ ń wò ó, àti ọkùnrin kan ní Dubai tó jọ pé kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Lánàá ni Ọ̀gá Arul pè é jókòó.

“Kayal, èyí tí o máa ṣe báyìí ló kẹ́yìn,” ni ọ̀gá wí. “Bí kò bá fa èrò, àwọn òṣèré fíìmù tó ń kọ ara wọn sílẹ̀ ni wàá máa ka ìròyìn wọn. Bí o kò bá fẹ́ ìyẹn, o mọ ọ̀nà ilé yín. Ènìyàn kì í wo ohun tó ń lọ létòlétò. Ìjà ni wọ́n ń wò.”

Nítorí náà ni ó ṣe jí wá sí àdúgbò ìyá ìyá rẹ̀ yìí, ó gbé fóònù dání àti ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ń gbé fóònù lé.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kì í sún ìkòkò ẹnikẹ́ni?”

Ìyá Pechi fa ìlà kan parí kó tó dáhùn. “Ta ni mo fẹ́ bá jà? Bí ìwọ bá dúró síwájú mi, màá tì ọ́, ìwọ náà á tì mí, ọ̀rọ̀ parí. Ìkòkò ò lè tì mí padà. Bí mo bá sún un, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé mo sún un. Ṣé kí n wá gbé ìyẹn sùn ní ọjọ́ ogbó mi?”

Inú Kayal dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ arúgbó náà. “Ìyá, ẹ tún un sọ sínú fóònù fún mi!”

“Pẹ̀lú irun yìí? Kúrò níbí.”

Bí Ìyá Pechi ṣe wọlé lọ bójú tó irun rẹ̀, Kayal gbé fóònù lé ẹsẹ̀ irin, ó tàn án, ó sì wo ohun tó rí nínú rẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ wù ú. Ó sún ẹsẹ̀ irin sẹ́yìn, ó gbé e sí ọ̀tún, ó wọ àárín àwọn ìkòkò, ó jáde, ó padà wá wò ó. Nígbà tí àwòrán náà wá dùn ún wò, fèrè táńkà dún ní ìkóríta, ilẹ̀kùn gbogbo sì ṣí.

Olúkúlùkù lọ dúró ti ìkòkò tirẹ̀. Ìyá Pechi ló wà níwájú, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an yẹ kó jẹ́ ìyàwó télọ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò kan tó láwọ̀ ìyeyè ti jókòó síbẹ̀.

“Ta ló ni èyí?” ni ìyàwó télọ̀ bèèrè.

Gbogbo wọn ló mọ ẹni tó ni ín. Isakki ni, ìyàwó tí wọ́n gbé wá láti òdìkejì ojú irin, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ìṣáná. Títí di ọdún ìkórè Pongal tó kọjá, ẹ̀yìn gbogbo ayé ni Isakki máa ń pọnmi, bó bá ṣẹ́kù. Wọ́n jiyàn títí kí wọ́n tó gbà kí ìkòkò rẹ̀ wọ ìlà, ìdí ìlà lọ́hùn-ún ni wọ́n sì fún un. Ìyá Pechi fúnra rẹ̀ ló bá a bẹ̀bẹ̀, tó ní omi kì í bèèrè ìlú ẹni.

Isakki sáré wá pẹ̀lú ọmọ ní ìbàdí. “Èmi kọ́ ni mo gbé e síbẹ̀.”

“Ó fẹsẹ̀ rìn wá ni?”

“Mo ní èmi kọ́! Ibi tí wọ́n fún mi ni mo gbé e sí láàárọ̀.”

“Ẹ gbọ́ o! Ìkòkò tirẹ̀ ti lẹ́sẹ̀. Tiwa nìkan ló yarọ.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó burú ju èébú lọ. Ẹnì kan ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn ní bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́hùn-ún nìyẹn. “Olè!” ni ìyàwó télọ̀ pariwo, ohùn rẹ̀ dé ìkóríta, awakọ̀ táńkà yọrí síta láti wòran.

Ìyá Pechi ló parí rẹ̀. Ó gbé ìkòkò náà, ó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. “Ẹnu mi yìí ni mo fi bẹ̀bẹ̀ fún ẹ, o sì dójú tì mí. Láti òní lọ, n ò gbọdọ̀ rí ìkòkò ẹ lórí ìlà wa mọ́.”

Isakki kò sọkún. Ọmọ rẹ̀ ló sọkún fún un. Ó mú ìkòkò rẹ̀ nílẹ̀, ó gbé e lọ sílé lófìfo.

Ó dun Kayal. Ó dùn ún nítorí Isakki tú àlàyé dídára tí Ìyá Pechi ṣe ká. Àṣé ẹnì kan lè sún ìkòkò! Ó wo ẹ̀yìn obìnrin náà bó ṣe ń lọ, ó bínú sí i díẹ̀, kò sì kí i. Fóònù ń gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní tirẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀gá Arul wò ó lọ́fíìsì, ó gbàgbé tíì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Wo bí ìkòkò yẹn ṣe fò! Kayal, ó ti bọ́ sí ẹ lọ́wọ́!” Ó fa fídíò náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láti wá ibi tí wọ́n á ti gé e.

Títì hàn, ó dákẹ́. Àwọn ìkòkò tò. Ẹ̀yìn ọmọbìnrin kan wọlé sínú àwòrán, irun rẹ̀ ní ìdì kan. Ọwọ́ rẹ̀ gbé ìkòkò aláwọ̀ ìyeyè kúrò ní ìdí ìlà níbi tí òjìji ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ti bò ó, ó gbé e wá síwájú, ó fi ti ìkòkò pupa Ìyá Pechi, níbi tí oòrùn ti ń tàn sí i. Àwòrán náà dára sí i lóòótọ́. Ọmọbìnrin náà tẹ̀ síwájú, ó sì jáde.

Kayal wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì. Kò rántí. Ó gbé e bí ẹni tó wọ yàrá tó sì tún ẹní tó wọ́ ṣe, láìronú.

Ọ̀gá Arul ti bú sẹ́rìn-ín. “Gé e níbẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí obìnrin yẹn ní ‘ta ló ni èyí’. Àkọlé rẹ̀: Olè Orí Ìlà.”

“Ọ̀gá, kò jalè. Èmi ni mo gbé e.”

“Mo rí i. Ta ló tún rí i?”

“Wọ́n ti lé e kúrò lórí ìlà nítorí mi.”

“Kayal.” Ohùn rẹ̀ rọ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, owó ilé ló ń lé e. “Láti ọjọ́ tí o ti ń bi aráyé léèrè ìwà wọn, ta ló ń dá ẹ lóhùn? Gbé eléyìí jáde, kílẹ̀ tó ṣú gbogbo ìlú á ti mọ orúkọ ẹ. Iṣẹ́ ẹ ni mò ń gbà sílẹ̀ fún ẹ.”

Kayal ní òun gbọ́. Ó mú fóònù àti ẹsẹ̀ irin rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ni ó fi ń ronú. Ó ti bèèrè ìdí tí gbogbo ènìyàn fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe, kò sì ka ara rẹ̀ mọ́ gbogbo ènìyàn rí. Kí ló sọ fún ọwọ́ rẹ̀ pé ó lè ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe? Ṣé nítorí pé kò ní ìkòkò lórí ìlà ni? Ìtìjú bò ó bó ṣe ń rìn. Nígbà tó dé ìdí ilé òrìṣà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà.

Ìyá Pechi gbé fóònù jìnnà sí ojú kó lè rí i. Ó wò ó tán, ó ní kí Kayal tún un fi han òun.

“Ọwọ́ ta nìyẹn?”

“Ọwọ́ mi ni, Ìyá.”

Kayal ń retí ìgbátí. Arúgbó náà kò gbá a, kò sì bú u. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn rẹ̀. “Ẹyin lohùn,” ló wí, “èmi àgbà ni mo sì là á mọ́lẹ̀.” Ó wé etí aṣọ sárì rẹ̀ mọ́ra, ó dìde. Ìyàwó télọ̀ àti àwọn mìíràn tó ti ń yọjú tẹ̀ lé wọn.

Isakki ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyá Pechi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ohùn kékeré sọ̀rọ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn má baà gbọ́.

“Ìyàwó wa, gbé ìkòkò ẹ padà síbi tó wà. A ti rí i pé ìwọ kọ́. Ọ̀rọ̀ àárọ̀ yẹn ti tán.”

“Ó tán níbo, Ìyá?”

Arúgbó náà bojú wo ẹ̀yìn, níbi tí àwọn obìnrin dúró sí.

“Ojú títì lẹ ti pè mí lólè,” ni Isakki wí, kò gbójú kúrò nínú ìrẹsì. “Ọkọ mi gbọ́ ọ níbi iṣẹ́ kó tó jẹun ọ̀sán. Ẹ wá rọra sọ ọ́ sí mi létí pé ó ti tán.”

Ìyá Pechi sún sẹ́yìn. Kayal ló wá sún mọ́ Isakki.

“Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ṣe é. N kò mọ̀ pé mo ṣe é, ṣùgbọ́n èmi ni. Ẹ dárí jì mí. Màá gbé e jáde bó ṣe wà, láìgé e. Gbogbo èèyàn á rí ọwọ́ mi.”

Isakki gba fóònù, ó wò ó. Ó rí ẹ̀yìn, ó rí ìdì irun, ó rí ọwọ́. Ó dá a padà.

“Ta ló mọ ọwọ́, àbúrò? Ọwọ́ yìí lè jẹ́ tèmi. Ojú mi ni gbogbo wọn rí láàárọ̀.”

Kayal dúró. Ó rántí Ọ̀gá Arul, ó mọ̀ pé òun kò ní í gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yẹn mọ́ lẹ́yìn òní. Ó rántí ìyá rẹ̀ tí yóò kọ́kọ́ wò ó. Ó gbé ẹsẹ̀ irin kalẹ̀ sí àárín títì, níwájú àwọn obìnrin, ó yí ojú fóònù náà sí ara rẹ̀, ó sì tàn án.

“Ẹ káàsán o. Orúkọ mi ni Kayal. Láàárọ̀ yìí, ní àdúgbò yìí…” Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀.

“Sọ ọ́ sókè,” ni Isakki wí láti ẹnu ilẹ̀kùn. “Àwọn tó pè mí lólè ò rọra pè é.”

Kayal gbóhùn sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.