Omi Tí Kòjókòó Kò Nù

Kòjókòó ni ìyá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ láti kékeré. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, lóòró ni yóò ti jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá pè é wá gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlógójì, tó wọ bàálù lọ sílẹ̀ onílẹ̀, tó lọ ń ka dìgírì iṣẹ́ tó jẹ́ pé dídúró de nǹkan ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò le láti ṣàlàyé. Bí dókítà bá mú ègé kékeré lára aláìsàn láti mọ ohun tó ń ṣe é, láàbù ni wọ́n ń gbé e wá. Wọn á rì í sínú ìda yíyọ́, ìda á dì mọ́ ọn bí ègé ọṣẹ. Wọn á gbé e sórí yìnyín kó le. Ẹ̀rọ á wá bó o fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó fẹ́lẹ́ ju awọ inú àlùbọ́sà lọ. Wọn á tẹ́ ẹ sójú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó nà, wọn á fi gíláàsì pẹlẹbẹ gbé e níbẹ̀, wọn á rẹ ẹ́ láró, ó di ti dókítà.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n gbọ́ èyí lórí fóònù, ó ní, "Ẹran lo lọ ń gé? Ṣé alápatà ò sí nílé ni?"

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, àkọsílẹ̀ igba gíláàsì ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé iṣẹ́ Kòjókòó. Ọ̀gá láàbù ilé ìwòsàn ni yóò fọwọ́ sí i, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì yunifásítì kí aago mẹ́rin tó lù. Bí kò bá dé, yóò tún ọdún náà kà. Ìwé àṣẹ tó fi ń gbé ìlú yẹn sì máa tó parí. Ẹni tí kò bá níwèé, ilé ló ń lọ.

Ó ti gé mẹ́rin tó kù lówùúrọ̀. Ní aago méjì ọ̀sán, Ọ̀gá jókòó, ó ń ka ìwé náà lójú ewé lójú ewé. Kòjókòó dúró tì í, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu ilẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rántí nǹkan kan.

Bí wọ́n bá gé ti ẹnì kan tán, wọ́n gbọ́dọ̀ fi bébà nu ojú omi, kí èérún ẹran ara ẹni yẹn má bàa lẹ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Lówùúrọ̀, lẹ́yìn ìkejì, Ẹ̀gbọ́n pè é pé ibà ń ṣe ọmọ. Ó jáde lọ gbọ́ ọ. Nígbà tó padà dé, ó bọ́ sórí ìkẹta. Ṣé ó nu omi?

Ó lọ tú garawa ìdọ̀tí rẹ̀.

Oníjígí, ọmọ kíláàsì rẹ̀, gbójú sókè. "Kí lò ń wá nínú ìdọ̀tí?"

"Bébà. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mẹ́rin ni mo gé."

Oníjígí lóye lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló rí ẹ?"

"Kò sẹ́ni."

"Ó parí nìyẹn. Gba ìwé ẹ, kó o máa lọ. Dókítà lójú, á mọ̀."

"Tí ò bá mọ̀ ńkọ́? Ìfun bàbá tó ní jẹjẹrẹ ni ìkejì. Ìfun ọmọbìnrin kan ni ìkẹta."

"Ṣé ìwọ nìkan ni Ọlọ́run fi ṣọ́ láàbù?"

Kòjókòó lọ sí ojú fèrèsé, ó padà. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fọ ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Ọ̀gá ti ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, ó ti yọ ìdérí bírò.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Mi ò nu omi lẹ́yìn ìkejì."

Ọ̀gá wò ó. "Ó dá ẹ lójú?"

"Bébà mẹ́ta ló wà nínú garawa mi."

Ọ̀gá dé bírò rẹ̀ padà, ó pe dókítà. Dókítà ní òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì ọmọbìnrin náà, èsì tí kò dáa. Òun yóò dúró ná.

"Ìwọ lo máa tún un gé," ni Ọ̀gá wí.

"Aago mẹ́rin mà..."

"Mo mọ aago. Ègé yẹn ò ju hóró ìrẹsì lọ. Tó o bá gé e kí ìda tó le, o máa gé e dànù, kò sì sí òmíràn. Jókòó."

Ó jókòó ti yìnyín. Ó fọwọ́ méjèèjì di orúnkún ara rẹ̀ mú bí ẹni di ewúrẹ́ mú. Aago ń lọ. Ìda kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń kánjú. Nígbà tí Ọ̀gá mi orí sí i pé ó ti le, ó gé e, ó nu omi kó tó tẹ́ ẹ, ó nù ún lẹ́yìn rẹ̀. Inú aró ni gíláàsì náà wà nígbà tí aago mẹ́rin lù.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago márùn-ún lù, dókítà pè. Kò sí jẹjẹrẹ nínú ti ọmọbìnrin náà. Èyí tí òun kọ́kọ́ rí, ti bàbá yẹn ni.

Ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé, ó kọ aago sí i. "Lọ bá wọn ní yunifásítì lọ́la. Màá kọ lẹ́tà tì í. Ohun tó o ṣe ni màá kọ."

"Èwo níbẹ̀ mà?"

"Méjèèjì."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ẹ̀gbọ́n pè. Ibà ọmọ ti lọ sílẹ̀. "Ìwé ńkọ́? Ṣé wọ́n gbà á?"

"Wọ́n ti lọ sílé. Ọ̀la ni màá mọ̀ bóyá wọ́n á gbà á."

"Ìwọ lo máa dúró dọ̀la? Níbo lo wà báyìí?"

Kòjókòó wo ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì tí wọ́n ti tì pa. Ó ti rìn lọ rìn bọ̀ níwájú rẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá.

"Ẹnu ọ̀nà wọn," ló wí.