Iná Kíṣìnnì

Nígbà tí Abigail ń lọ sí Ọ̀yọ́ láti lọ wẹ ọmọ fún Fèyíkẹ́mi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, oṣù mẹ́ta ló dá fún ọkọ rẹ̀. Ọmọ tó lọ wẹ̀ náà ti ń sáré kiri báyìí, ìyá àgbà rẹ̀ kò tíì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀nà Ọ̀yọ́ kì í ṣe ọ̀nà Mẹ́kà. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láàárọ̀ á ti jẹun ọ̀sán níbẹ̀.

Bí Mátíù, ọkọ rẹ̀, bá bi í lórí fóònù pé ìgbà wo ló ń bọ̀, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Bàbá Fèyíkẹ́mi, ẹ jẹ́ kí iná ibẹ̀ dáa ná. Mi ò lè máa fi tọ́ọ̀ṣì wá iyọ̀ nínú kíṣìnnì mọ́." Mátíù gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe gbọ́ ọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún un? Òun nìkan ló kù nílé.

Ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí àdúgbò Under G, ó ń ra bátìrì kọ̀ǹpútà tó ti kú lọ́wọ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Bátìrì wẹ́wẹ́ ló wà nínú irú bátìrì bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn kọ́ ló sì máa ń kú. Á tú u, á ṣa àwọn tó ṣì lẹ́mìí nínú rẹ̀, á so wọ́n pọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí bí nǹkan yẹn bá gbiná, ilé ò ní kù. Ó ra àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ tí kì í jẹ iná púpọ̀, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ inú agolo mílíìkì. Sólà kékeré tó gbé sórí páànù kò fẹ̀ ju àtẹ alátẹ lọ. Kò ṣàì ṣàṣìṣe: ó jó ara rẹ̀ níka, ó sì dá àpá dúdú sí tábìlì ìjẹun tí Abigail fowó ara rẹ̀ rà. Ká ní ó wà nílé ni, ariwo rẹ̀ ì bá dé títì. Mátíù dúró ti tábìlì náà, ariwo yẹn gan-an ló wá ń wù ú láti gbọ́.

Kíṣìnnì ló kọ́kọ́ fa iná sí, nítorí iyọ̀. Ó ṣe é kí iná náà máa tàn fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, Asiyah aránṣọ, tí ilé rẹ̀ fara ti tiwọn, rí ìmọ́lẹ̀ lójú fèrèsé, ló bá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá.

"Màmá Fèyíkẹ́mi, ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ kú ìrìn."

Mátíù ló yọ jáde. "Kò tíì dé, Asiyah."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Iná kíṣìnnì ni mo rí."

Ojú tì í, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sílẹ̀, ó lọ. Mátíù jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì tún dùn díẹ̀, torí bí ará àdúgbò bá lè rí iná kó sì rò pé Abigail ti dé, a jẹ́ pé kò ku nǹkan kan mọ́ ju kó dé lọ.

Ó wọ mọ́tò Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ilé Fèyíkẹ́mi wà lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti jáde. Abigail ló ṣílẹ̀kùn, ó gbé oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀. Mátíù ń jẹun, ó ń ròyìn bátìrì, ó ń ròyìn agolo. Bó ṣe ń sọ ọ́, Tẹniọlá, ọmọ náà, ń ké láti inú yàrá: "Màmá! Màmá!"

"Ọkọ mi, mo wà níbí," Abigail ń dá a lóhùn. Ọmọ náà kò fẹ́ nǹkan kan. Ó kàn ń pè é ni.

Nígbà tí ìròyìn tán, ọ̀fun Mátíù gbẹ. Ó fi ṣíbí lu etí abọ́, bó ṣe máa ń ṣe bó bá fẹ́ omi. Abigail gbé omi wá, kò jókòó.

"Ìgbà wo là ń lọ?" Mátíù bi í.

"Bàbá Fèyíkẹ́mi, ẹ kú iṣẹ́. Iná yín dáa. Àmọ́ mo kàn fi iná ṣe àwáwí ni." Ó wo ọ̀nà yàrá. "Ọmọ yìí ń pè mí láti àárọ̀ dalẹ́. Nílé wa, ẹ ó fi ṣíbí lu abọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ ó wúkọ́. Mi ò rántí ìgbà tẹ́ ẹ pe orúkọ mi kẹ́yìn. Mi ò bínú o. Mi ò kàn fẹ́ padà sídìí ṣíbí ni."

Mátíù gbé ṣíbí náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́ kó má bàa dún. Ó fẹ́ pè é lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò gbé e. Ó ní òun á tún wá ní Sátidé tó ń bọ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bó ṣe yà sí àdúgbò rẹ̀, ó rí iná ní kíṣìnnì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yá kó tó rántí pé òun fúnra òun ló ṣe é kó máa dá tàn. Asiyah kí i kú àbọ̀ láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò béèrè ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí.

Kíṣìnnì mọ́lẹ̀ kedere. Agolo iyọ̀ wà lórí pẹpẹ, afọ́jú nìkan ni kò ní rí i. Mátíù dúró sí àárín ibẹ̀, ó wúkọ́, ó sì kábàámọ̀ pé òun wúkọ́.

"Abigail," ó pè.

Orúkọ náà há lọ́fun rẹ̀ bí orúkọ àjèjì. Ó tún un pè, ó tún un pè, kó lè yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu kó tó di Sátidé.