Ọ̀rọ̀ Tí Kò Ṣeé Pààrọ̀

“Ogún ìṣẹ́jú lo fi sọ̀rọ̀ nípa nǹkan kan, o kò dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan,” ni ìyáàfin olùdánilẹ́kọ̀ọ́ wí. Kò gbóhùn sókè. “‘Ẹ̀yà ara yìí.’ ‘Ohun tí mo yà sójú pátákó.’ ‘Òun náà.’ Mo kà á, ó lé ní ọgbọ̀n ìgbà. Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa mọ ohun tí ò ń kọ́ òun?”

Jẹ́jẹ́ wolẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ sísọ kì í wù ú ni. Ọdún kẹrin rẹ̀ rèé lẹ́nu ìwé tí yóò fi di ọ̀mọ̀wé, kíndìnrín ló sì ń ṣèwádìí lé lórí. Ṣùgbọ́n yunifásítì ti pa á láṣẹ pé ẹni tó bá fẹ́ gba oyè náà gbọ́dọ̀ yege nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni wọ́n ń jẹ́ kí ènìyàn dúró kọ́ni lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì.

“Ọjọ́bọ̀ ni ìkẹta,” ni ìyáàfin náà wí. “Tó o bá tún kùnà, wọ́n á yọ orúkọ rẹ. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i.”

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ níbẹ̀ ni pé akólòlò ni. Láti kékeré ló ti mọ bí a ṣe ń sá fún un: bí ọ̀rọ̀ kan bá fẹ́ há sí i lọ́fun, á yáa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí “kọ́kọ́rọ́” bá kọ̀, á ní “èyí tí a fi ń ṣílẹ̀kùn.” Ọgbọ́n yìí ló gbé e dé ibi tó dé. Ṣùgbọ́n kíndìnrín, kíndìnrín ni. Ó tilẹ̀ rò ó wò pé kí òun máa pè é ní iwe, àmọ́ iwe adìẹ ni gbogbo ayé mọ̀.

Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń lọ aṣọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé, òun ló sì máa ń bá a dáhùn bí fóònù bá dún. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni Jẹ́jẹ́ kì í ti í sá fún ọ̀rọ̀.

“Sọ fún wọn,” ni ẹ̀gbọ́n wí.

“Mi ò l- l- lè sọ ọ́.”

“Kí ni wọ́n máa fi ọ́ ṣe?”

“Ọ̀gá tí mò ń ṣèwádìí lábẹ́ ẹ̀ ti sọ ọ́ rí, nípa ẹlòmíì. Ó ní ẹni tẹ́nu ẹ̀ ò bá já gaara, kó máa fọ ìgò ní yàrá ìwádìí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà b- bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ẹ̀gbọ́n gbé áyọ́ọ̀nù nàró. “Ká ní mo lè wá bá ọ sọ ọ́ ni, ǹ bá wá. Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n fẹ́ gbọ́.”

Láti ọjọ́ náà, Jẹ́jẹ́ á ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, á máa pe “kíndìnrín”. Tó bá dá wà, ó ń yọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹja. Ìyẹn gan-an ló ń pa á lẹ́kún.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́fà jókòó, ẹ̀rọ tó ń ká fídíò kọjú sí i.

“Ẹ káàsán. Lónìí, a máa sọ̀rọ̀ nípa k-”

Àgbọ̀n rẹ̀ há. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ọkùnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa afárá ṣàánú rẹ̀. “Kíndìnrín,” ló wí jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń bá arúgbó sọ̀ ẹrù kalẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí Jẹ́jẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

“Ẹ ṣé, àmọ́ ẹ má bá mi sọ ọ́. Akólòlò ni mí. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pẹ́ lẹ́nu mi, mo sì máa sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù.”

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò rọrùn, nígbà mìíràn ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọbìnrin kan tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀ títí. Nígbà tí aago dún, ìdajì ẹ̀kọ́ ṣì wà nílẹ̀.

Àwọn yòókù jáde. Ìyáàfin olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kò tíì dìde. “Mi ò lè fún ọ ní máàkì ohun tí o kò kọ́.”

Jẹ́jẹ́ mi orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu pátákó.

“Fọ́ọ̀mù kan wà,” ni ìyáàfin náà wí, “fún ẹni tó nílò àkókò ju ti àwọn yòókù lọ. Ó yẹ kó o ti gbà á tipẹ́. Ìgbìmọ̀ yunifásítì lè gbà kó o tún un kọ́, wọ́n sì lè kọ̀. Kí agogo mẹ́rin òní tó lù ni wọ́n ń fẹ́ ẹ. Ọ̀gá rẹ ló sì gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú.”

“Ọ̀gá mi?”

“Òun fúnra rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu rẹ.”

Agogo mẹ́ta ti kọjá. Ó lè máa lọ sílé. Wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀, ọ̀gá náà á sì rò pé ìwé ló sú u. Ó jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́ kan, ó kọ ohun tí fọ́ọ̀mù béèrè, ó gun àtẹ̀gùn lọ sí òkè kejì. Ilẹ̀kùn ọ̀gá ṣí sílẹ̀. Méjì nínú àwọn ọmọ yàrá ìwádìí jókòó síwájú tábìlì rẹ̀.

“Kí ló dé?” ni ọ̀gá wí, kò gbójú sókè.

Jẹ́jẹ́ na ìwé náà sí i. Kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó la ẹnu, ó dúró de èyí tó fẹ́ sọ.