Irin tí Vlasta Kó fún Àwọn Panápaná

Bó ti wù kí ìyá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ tó, ìyẹn ò ní kó gbà pé ọmọ ọ̀hún gbọ́n. Bí ọ̀rọ̀ Vlasta ṣe rí gan-an nìyẹn. Radim, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti lé lógójì ọdún, iṣẹ́ gidi ló sì ń ṣe ní Prague, ṣùgbọ́n bó bá ti dá ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ báyìí, ńṣe ni ìyá rẹ̀ máa ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọdé tó ní òun fẹ́ fò. Owó tí kò ṣeé kà lọ́wọ́, tí báńkì ò mọ̀ nípa rẹ̀, tí kò ní àwòrán ọba kankan lára, owó wo nìyẹn? Bítíkọ́ìn ni Radim ń pè é. Lọ́dún Kérésì kan, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹja, Vlasta bi í pé, "Níbo gan-an lowó ọ̀hún wà?" Radim rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó wà níbi gbogbo, Màámi." Vlasta ní, "Ohun tó bá wà níbi gbogbo, kò sí níbì kankan nìyẹn." Bohuslav, bàbá Radim, ò dá sí i. Ó ń ṣa egungun kúrò nínú ẹja tirẹ̀. Vlasta gbà pé bí òun ṣe rò ó lọkọ òun náà ṣe rò ó, nítorí látìgbà tí wọ́n ti ń gbé pọ̀, ọkùnrin náà ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un rí.

Ìgbà tí ewé ń wọ́ ni Bohuslav kú. Kò pẹ́ tí wọ́n sìnkú tán ni Zbyněk, àbúrò olóògbé, gbé ọ̀rọ̀ ilé dé. Ilé ogún ni. Ìdajì jẹ́ ti Bohuslav, ìdajì jẹ́ ti Zbyněk, Zbyněk sì fẹ́ gba owó tirẹ̀ kó fi jayé orí rẹ̀. Ẹnìkan láti ìlú ńlá ti ṣetán láti ra ilé náà lódindi, tòun ti ọgbà àti igi ápù inú rẹ̀. Bí Vlasta ò bá rí owó ra ìdajì yẹn kí oṣù kẹfà tó parí, á kó jáde. Níbo ni opó tó ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì ti fẹ́ rí irú owó bẹ́ẹ̀? Inú ilé yẹn ló ti bímọ, ibẹ̀ ló ti tọ́ ọ, orí bẹ́ẹ̀dì tó wà ní yàrá iwájú lọkọ rẹ̀ ti mí kẹ́yìn. Kò sí alẹ́ kan tí kì í fọwọ́ kan ògiri kó tó sùn.

Radim pè é lórí fóònù nígbà tí yìnyín ṣì wà nílẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ má di ẹrù kankan o. Ìdajì àbúrò Bàbá yẹn, èmi ni màá rà á. Owó ti wà nílẹ̀."

"Owó bítíkọ́ìn yẹn?"

"Owó ṣá ni, Màámi. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ó dáa, ọmọ mi."

Ẹnu lásán ló fi sọ ọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti wà nílé ìtajà abúlé, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun tọ́jú páálí tí òun máa di ẹrù sí.

Ní abúlé wọn, bí yìnyín bá ti yọ́ tán, àwọn panápaná a máa kó irin. Irin àlòkù, sítóòfù tó ti fọ́, kẹ̀kẹ́ tó ti dípẹtà, gbogbo rẹ̀ lèèyàn máa ń kó síwájú géètì. Ní àárọ̀ Sátidé, katakata á wá gbé e. Owó tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọ́n fi ń ra rọ́bà ìfọnmi àti aṣọ iṣẹ́. Bohuslav ti bá wọn ṣe é látìgbà èwe rẹ̀, òun ló sì máa ń wa katakata yẹn, tí á máa fọn fèrè rẹ̀ ní iwájú ilé gbogbo bí ẹni pé ọkọ ìyàwó ló ń gbé bọ̀. Ọdún àkọ́kọ́ rèé tí kò ní sí níbẹ̀. Vlasta rò ó nínú ara rẹ̀ pé, bó bá ṣe pé òun ń kúrò nílé yìí lóòótọ́, kí òkìtì irin tilé Bohuslav ga ju ti gbogbo abúlé lọ lọ́dún yìí. Kí ó jẹ́ ìdágbére ọkùnrin náà. Ọkàn rere ló fi wọ yàrá irinṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lẹ́jọ́.

Ó kó dòjé, ó kó ayùn, ó kó ẹ̀mú tí ẹnu rẹ̀ ò pàdé mọ́. Nígbà tó yọ pákó tí wọ́n ń kọ́ irinṣẹ́ sí kúrò lára ògiri, ó rí irin pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n fi ìṣó kọ́ sẹ́yìn pákó náà. Wọ́n lu lẹ́tà sí i lára láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó fi etí aṣọ ìdáná nu eruku rẹ̀, ó gbìyànjú láti kà á, kò so pọ̀ mọ́ nǹkan kan. Kì í ṣe èdè tiwọn. Bohuslav ní irin ìlulẹ́tà kan tó rà lọ́jà àlòkù, Vlasta sì gbà pé ibi tó ti dán an wò nìyẹn. Ọkùnrin tí kì í ju nǹkan nù! Ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kún fómi, ó sì jù ú sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù pẹ̀lú ìyókù.

Oldřich, ọ̀gá àwọn panápaná, ló wa katakata wá lọ́jọ́ Sátidé. Ó dúró níwájú òkìtì náà, ó ṣí fìlà.

"Ìyá Radim! Ṣé ilé lẹ wó ni?"

"Mo ń wó o bọ̀ nìyẹn. Ẹ tètè kó o kí n tó pa ọkàn dà."

"Òkìtì yín ló ga jù lábúlé yìí. Níbi tí Bohuslav wà, á máa yangàn ni."

"Kó máa yangàn. Nígbà tó wà láyé, ó sọ ilé mi di ibi ìkẹ́rùsí."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Vlasta wo katakata náà títí tó fi yà lójú ọ̀nà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ara rẹ̀ fúyẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Radim dé, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Vlasta ti se knedlík fún un, ìyẹ̀fun rogodo bíbọ̀ tó ní èso dúdú nínú, tó sì wọ́n ṣúgà àti bọ́tà sí lórí. Radim jẹ méjì kó tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ nǹkan kan lápò, ó gbé e sórí tábìlì. Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ.

"Ẹ wò ó, Màámi. Tuntun ni. Àwa la ṣe é níbi iṣẹ́ wa."

"Inú èyí lowó ilé wà?"

"Rárá o. Kọ́kọ́rọ́ owó ló ń gbé inú rẹ̀. Kò bá íńtánẹ́ẹ̀tì da nǹkan pọ̀, nítorí náà kò sí olè orí ẹ̀rọ tó lè yọwọ́ sí i. Bí ẹ bá fi òòlù fọ́ ọ báyìí, owó ò lọ síbì kankan. Mo ti pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ àtijọ́ tí mò ń lò rẹ́, mo ti fi ta ọ̀rẹ́ mi kan lọ́rẹ."

"O pa á rẹ́? Kí ló wá kù?"

"Ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún ló kù. Bí mo bá tẹ̀ wọ́n sínú èyí ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kọ́kọ́rọ́ yẹn á padà wá. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ yẹn ló lowó. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í sọ ibi tó wà fẹ́nikẹ́ni, kódà bó ṣe ìyá ẹni."

"Ṣé o kọ ọ́ sínú ìwé ni?"

"Ìwé kẹ̀? Ìwé ń jóná. Irin ni." Radim dìde, ó ń nu ọwọ́. "Ó wà níbí. Ó wà ní yàrá irinṣẹ́ Bàbá. Mò ń bọ̀."

Vlasta rántí irin pẹlẹbẹ yẹn. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá irinṣẹ́ ṣí. Ó jókòó síbẹ̀, ó di ṣíbí mú, ó ń gbàdúrà pé kí irin náà wà lára ògiri, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́.

Ẹ̀rín ni Radim ṣì ń rín nígbà tó padà dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ti gbá ibẹ̀ mọ́ tónítóní o, Màámi! Pákó irinṣẹ́ yẹn dà?"

"Mo yọ ọ́."

"Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́?"

"Irin pẹlẹbẹ kan?"

"Ẹ rí i! Níbo lẹ gbé e sí?"

Vlasta wo ojú ọmọ rẹ̀. Bó ṣe dúró síbẹ̀ tó ń retí, ṣe ló dà bí ìgbà tó wà ní kékeré tó ń retí kí wọ́n tú ẹ̀bùn rẹ̀ fún un. Ó ní, "Àwọn panápaná ti kó o lọ, Radim."

Eré ni wọ́n sá dé ọ̀dọ̀ Oldřich. Oldřich ń fọ ọkọ̀ lọ́wọ́. Ó ní irin ti lọ láti ọjọ́ Ajé. Ó pe àwọn tó ń ra irin ní ìlú Jihlava lójú wọn, ó sì ṣí ohùn fóònù náà sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. Obìnrin kan dáhùn pé wọ́n ti fún gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọkọ̀ ojú irin sì ti gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ, ó ṣeé ṣe kó ti wọná pàápàá.

"Kí ló dé? Góòlù ló wà níbẹ̀ ni?" Oldřich fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀, ó wá rí ojú Radim. Ó ṣí fìlà. "Àbúrò, a lè dá owó irin yín padà. A ò tíì ná an."

"Ẹ fi ra rọ́bà ìfọnmi, ẹ̀gbọ́n," ni Radim wí. "Bàbá á fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹ wo ayé. Irin ni wọ́n lò torí kí iná má baà jó ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo iná tó lè jó ilé ni wọ́n rò tán. Wọn ò ro ti panápaná mọ́ ọn.

Wọ́n padà sílé. Radim jókòó sórí àpótí tó ṣẹ́kù nínú yàrá irinṣẹ́, ó gbé orí lé ọwọ́. Vlasta ń retí kí ó pariwo lé òun lórí. Ìbá wù ú bẹ́ẹ̀.

"Iṣẹ́ mi ni láti dá àwọn oníbàárà lóhùn," Radim bẹ̀rẹ̀. "Lójoojúmọ́ ni mò ń wí fún wọn: ẹ kọ́kọ́ lọ fojú rí irin yín kẹ́ ẹ tó pa ẹ̀rọ àtijọ́ rẹ́. Lójoojúmọ́, Màámi! Èmi náà ni mo wá pa tèmi rẹ́ láìwo ẹ̀yìn."

"Kí ló dé tó ò wò ó?"

"Ilé wa ló wà. Kí ló lè ṣe é nílé wa?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Vlasta ju èébú lọ. Ó fara ti ògiri.

"Mo ní kẹ́ ẹ má di ẹrù," ni Radim wí.

"O sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ di í?"

Irọ́ pọ̀ tó lè pa. Ó lè ní òun kàn ń gbá eruku ni. Ó lè ní nítorí Bohuslav ni, ìyẹn ò sì ní jẹ́ irọ́ tán. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ló ń bi í.

"Mi ò gbà ọ́ gbọ́," ló wí. "Mo rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Látọjọ́ yìí wá ni mo ti rò bẹ́ẹ̀. Èmi àti bàbá rẹ."

Radim gbójú sókè. "Bàbá kẹ̀? Bàbá ló lu irin yẹn, Màámi."

"Bohuslav?"

"Nígbà tí dókítà ní kẹ́ ẹ lọ sinmi níbi omi gbígbóná tó ń wo àìsàn. Mo wá sílé, mo ní kó yá mi ní irin ìlulẹ́tà rẹ̀. Ó wo bí mo ṣe ń ṣe é, ó ní, 'Kúrò níbẹ̀, o máa ba iṣẹ́ jẹ́.' Ó gbé dígí sójú, ó lù ú láti àárọ̀ títí di ọjọ́rọ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kò gbọ́ ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tó parí, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ju ìwé tí mo kọ ọ́ sí sínú sítóòfù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fẹ́nì kankan. Ó ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ bítíkọ́ìn, ṣùgbọ́n bí ọmọ òun bá ní nǹkan wà níbẹ̀, nǹkan wà níbẹ̀ nìyẹn."

Vlasta rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbá eruku. Ọkọ tí kì í fi nǹkan pa mọ́ fún un ti gbé àṣírí yìí wọ ilẹ̀, nítorí ọmọ wọn bẹ̀ ẹ́. Òun ló sì mú iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin náà, tó fi aṣọ nù ún, tó jù ú nù láti fi bọlá fún un. Ilé yìí, bó ti wù kó dun òun tó, òun lè kó jáde nínú rẹ̀. Èyí ńkọ́?

"Ẹ̀yin lẹ rí i kẹ́yìn," Radim wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ṣé ẹ rántí ọ̀kankan nínú rẹ̀?"

Ó dijú, ó wá a kiri inú orí rẹ̀. Kò rántí ọ̀rọ̀ kankan. "Lẹ́tà kan wọ́," ló wí níkẹyìn. "Nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ó fì sápá kan."

"R ni," ni Radim wí. "Ọwọ́ Bàbá gbọ̀n níbẹ̀. Inú bí i gan-an, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun, èmi ni mo ní kó fi í sílẹ̀."

Radim, tí kò sunkún lójú sàréè bàbá rẹ̀, bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún owó. Vlasta fà súnmọ́ ọn, ó fẹ́ gbá a mọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ dúró lágbede méjì, nítorí kò mọ̀ bóyá ọmọ náà á fẹ́ ẹ.

"Mo gbà ọ́ gbọ́ báyìí, ọmọ mi."

"Ó ti pẹ́ jù, Màámi," ni Radim dáhùn. Kò sí ìbínú kankan nínú ohùn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dun ìyá rẹ̀ jù.