Òwú Tí Mo Fi Wọn Dọlápọ̀sí

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi Wúlẹ̀mọ̀tù kì í purọ́, gbogbo Ìlobù ló mọ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n má ṣe iṣẹ́ abẹ fún Dọlápọ̀sí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Mansur ọkọ rẹ̀ ló kọ̀, irọ́ ni. Àbúrò mi ni Mansur, àti ìgbà tí ìyá wa ti kú, kì í ṣe ohunkóhun láìbi mí.

Dọlápọ̀sí sanra. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Bó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ẹ̀rọ ìlọta mi, àwọn oníbàárà á dìde fún un ni. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti bá àrùn ẹ̀dọ̀ lára rẹ̀, irú èyí tí kì í lọ bọ̀rọ̀, téèyàn kàn ń bá gbé. Ó ń lo oògùn rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, a kì í tilẹ̀ rántí mọ́. Àfi lọ́jọ́ kan tí òun àti Mansur ti Òṣogbo dé, tó wá kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Dókítà Ọlábímtán ní ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ mi, ẹ̀dọ̀ náà sì ti ń le. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n fi ń dín àpò oúnjẹ inú kù, kí ara mi lè fúyẹ́, kí ẹ̀dọ̀ lè sinmi. Àsìkò yìí ló ṣeé ṣe. Bó bá le ju báyìí lọ, wọn ò ní lè fọwọ́ kàn mí mọ́."

"Háà! Nítorí ẹnu tí kò ṣeé pa dé ni wọ́n ṣe fẹ́ gé ikùn? Dọlápọ̀sí, ọ̀kánjúà ló ń ṣe ọ́."

Mansur rẹ́rìn-ín. Omi lé sójú ìyàwó rẹ̀, inú mi sì dùn díẹ̀. Mo ti ní n kì í purọ́.

Mo ní kó gba ààwẹ̀ oṣù mẹ́ta, lójoojúmọ́ àfi Jímọ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí kò rù, èmi fúnra mi ni n óò mú un lọ kí wọ́n gé e. Ó ní dókítà ti kìlọ̀ pé kí òun má febi pa ara òun. Lèmọ́mù pàápàá ní kò sí ààwẹ̀ lọ́rùn aláìsàn. Mo ní ẹni tó sanra tó báyìí, ibo ni àìsàn ti ráyè jókòó?

Òwú dúdú kan wà tí ìyá wa fi sílẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń wọn ikùn aboyún ilé wa, tí wọ́n á máa ta kókó sí i bí oyún bá ṣe ń dàgbà. Òwú ọ̀hún kò dé ara Dọlápọ̀sí rí, nítorí kò bímọ. Mo fà á yọ. Mo ní, "Ó kúkú yẹ kó kan ìwọ náà." Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, mo wọ̀n ọ́n, mo ta kókó.

Jímọ̀ Jímọ̀ ni mo ń wọ̀n ọ́n. Jímọ̀ méjì àkọ́kọ́, ó dín. Ọrùn rẹ̀ yọ, apá rẹ̀ rù, mo ń kéde kiri níbi ẹ̀rọ mi pé ẹ wá wo iṣẹ́ abẹ aláìlọ́bẹ. Nígbà tó di Jímọ̀ karùn-ún, ikùn rẹ̀ kọjá kókó. Jímọ̀ kẹfà, ó tún lé. Apá ń rù, ikùn ń yọ! Kí lẹ fẹ́ kí n rò? Mo ní olè ni. Mo tú àpótí rẹ̀ wò lójú ọkọ rẹ̀, dàbínù ìṣínu nìkan ni mo bá. Mo dà á sílẹ̀ fún adìyẹ.

"Ìyá ẹ ní Ìfọ́n ló ń bọ́ ẹ," mo wí. "Ẹ̀yin ará Ìfọ́n, ilẹ̀ wa tẹ́ ẹ ń jà sí kò tó yín, oúnjẹ lábẹ́lẹ̀ ló kù."

Lọ́jọ́ kan tó yà sọ́hùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́, mo gun ọ̀kadà, mo tẹ̀ lé e. Mo bá a lórí ẹní, ìyá rẹ̀ ń fi omi gbígbóná ra ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ wú. Ibi tí àtàǹpàkò ìyá rẹ̀ bá tẹ̀, á jìn, kò ní padà.

"Àna mi, ẹ dákun," ìyá náà ní, "ọmọ mi ò jẹun o. Omi ni mo bù fún un, ó ní òun ń gbààwẹ̀."

"Kí ló wá wà níkùn ẹ̀, afẹ́fẹ́?"

Mo ṣí ìkòkò obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ tútù méjì péré ni mo rí. Síbẹ̀, mo fa ìyàwó wa dìde, mo gbé e sórí ọ̀kadà padà sí Ìlobù.

Ní Jímọ̀ kọkànlá, òwú kò pàdé mọ́. Mo fà á. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń dùn mí." Mo tún fà á, ó sì já. Ìgbà yẹn ni Mansur tó wo ojú ìyàwó rẹ̀ dáadáa. Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí epo.

Ní Òṣogbo, wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí i níkùn, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú ike. Omi nìkan. Ike kan kún, wọ́n gbé òmíràn síbẹ̀. Èmi ń wá oúnjẹ tí mo ní ó jí jẹ, n kò rí ẹyọ kan.

"Ẹ̀dọ̀ tó ti dẹnu kọlẹ̀ ló ń kó omi síkùn," Dókítà Ọlábímtán wí. "Ta ló ní kó máa gbààwẹ̀?"

Mansur wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀.

"Èmi ni," Dọlápọ̀sí wí lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ó wù mí ni."

Dókítà pè wá síta, ó ní iṣẹ́ abẹ ti kọjá ohun tí à ń sọ, pé ká máa ṣàdúà. Nígbà tí mo padà wọlé, Dọlápọ̀sí na ọwọ́ sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òwú yẹn dà? Ẹ wọ̀n mí wò."

Mo ti so ó pọ̀, ó wà ní etí ìró mi. Mo wọ̀n ọ́n. Ó pàdé, ó tún ṣẹ́kù.

"Ṣé mo ti rù?"

"O ti rù, ọmọ mi."

"Ẹ ṣeun. Ẹ wá bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n máa bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ abẹ náà."

Èmi Wúlẹ̀mọ̀tù tí kì í purọ́, mo ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n mú." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n dákun bá òun sọ fún ìyá òun ní Ìfọ́n.

Mo lọ sí Ìfọ́n lọ́jọ́ kẹta. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ni mo bá lọ.